Ẹ Má Ṣe Ka Èbù Mọ́ Iṣu Tí A Jẹ

Lọ́dọọdún ni olórí ìjọba máa ń gbé ìwé ìṣúná lọ síwájú àwọn aṣòfin. Lọ́dọọdún náà ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń tẹ iye owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà, fún ẹ̀kọ́, fún ààbò àti fún ìlera. Àwọn ará ìlú a ka iye náà. Inú àwọn kan a dùn, àwọn mìíràn a sì bínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè, òun gan-an ni a sì fẹ́ bi àwọn tí ń ṣe àkóso wa: níbo ni ẹ kọ owó tí a kò ní ná mọ́ sí, nítorí pé a ti dènà àrùn kí ó tó dé?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn akọ̀wé ìṣúná nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ omi tí ẹ ń mu ni, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ yín ni, ọ̀rọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yín yóò gbé yín dé oko nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ni. Èrò wa ni pé bí ìwé ìṣirò ìjọba kò bá ní ojú-ewé kan tí a ó máa kọ èrè ìdènà àrùn sí, fún ọdún púpọ̀ tí ń bọ̀, owó ìdènà àrùn ni a ó máa kọ́kọ́ gé nígbàkúùgbà tí owó bá wọ́n.

Àgbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ó bá kó iṣu rẹ̀ jọ tán, ó ya èyí tí ilé yóò jẹ sọ́tọ̀, ó ya èyí tí yóò tà sọ́tọ̀, ó sì ya èbù sọ́tọ̀. Ebi lè dé kí òjò tó rọ̀, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ èbù rẹ̀ ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó gbin kòkó mọ̀ pé ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni òun yóò fi máa ro ìdí rẹ̀ kí òun tó ká èso. Kò sí àgbẹ̀ olóye kan tí yóò jókòó ní ìparí ọdún kìn-ín-ní kí ó wí pé owó tí òun ná sórí ọmọ kòkó ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń fín kòkó rẹ̀ kí òjò tó sọ èso náà di dúdú mọ̀ pé èso tí kò jẹrà ni èrè oògùn òun.

Ìwé ìṣúná ìjọba kò mọ irú ìyàtọ̀ báyìí. Nínú rẹ̀, ọ̀nà méjì gbòòrò ni ìnáwó pín sí. Èkíní ni owó iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí í ṣe ti ilé, ọ̀nà, afárá àti ẹ̀rọ. Ìwọ̀nyí ni a ń kà sí dúkìá. Èkejì ni owó ìnáwó ojoojúmọ́, èyí tí í ṣe owó oṣù, epo ọkọ̀ àti àwọn ohun èlò kéékèèké. Ìwọ̀nyí ni a ń kà sí ohun tí a jẹ tán. Bí ìjọba bá kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan, tí kò sì sí dókítà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, dúkìá ni a kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n owó oṣù nọ́ọ̀sì tí ń gun alùpùpù lọ sí abúlé láti gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, abẹ́ ohun tí a jẹ tán ni ó wà. Owó oṣù wolé-wolé tí ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, abẹ́ ohun tí a jẹ tán ni òun náà wà. Èbù ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kà wọ́n mọ́ iṣu tí a jẹ.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàbí àfiwé lásán, ẹ jẹ́ kí a wo àrùn kan tí àwọn àgbà láàárín wa mọ̀ dájúdájú. Àrùn náà ni sòbìà. Ẹni tí ó bá mu omi odò tàbí omi adágún tí kòkòrò tíntìntín tí ó gbé ọmọ sòbìà sínú wà, kò ní mọ ohunkóhun lára fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí síta, ní ẹsẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ìrora tí ó ń jó bí iná. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Ẹni tí ó bá mú lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn mìíràn a tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó lè rìn dáadáa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà ẹ̀rùn ni ó sábà máa ń yọjú, nígbà tí ó yẹ kí olóko máa ṣán igbó de òjò.

Ní àwọn ọdún 1980, Ìdèrè ní agbègbè Ìbàràpá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àrùn náà fìyà jẹ gidigidi, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ẹ̀kọ́ wọn nípa rẹ̀. Ní 1987, ìwádìí kan tí àjọ UNICEF ṣe díwọ̀n pé àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń pàdánù nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dọọdún nítorí sòbìà. Láàárín 1988 sí 1989, nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ó ní àrùn náà jákèjádò orílẹ̀-èdè wa, iye wọn lé ní 650,000.

Kí ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀? Kì í ṣe ilé ìwòsàn alájà mẹ́rin. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni. Kànga tí a gbẹ́ ni. Oògùn tí a dà sí odò láti pa kòkòrò náà ni. Àwọn ará abúlé tí a kọ́ ni, tí wọ́n ń ṣọ́ aláìsàn kí ó má baà ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú omi mímu. Jimmy Carter tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó ti jẹ olórí ìjọba wa rí, fi orúkọ wọn àti ẹsẹ̀ ara wọn ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni tí sòbìà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ní gbogbo ayé, a díwọ̀n pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni ó ń mú lọ́dún ní 1986. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú wa pé, kí sòbìà tó degbò ni a ti ń ké sí olúgànbe. Wọn kò dúró kí ẹsẹ̀ rà kí wọ́n tó wá ewé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: àgbẹ̀ tí kò dùbúlẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, tí ó ṣán oko rẹ̀, tí ó sì kórè rẹ̀, níbo ni a kọ èrè rẹ̀ sí nínú ìwé ìjọba? Owó aṣọ tí a fi sẹ́ omi wà nínú ìwé. Owó ọkọ̀ àwọn tí wọ́n pín aṣọ náà wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ètò tí a ń gbà kọ ìṣúná wa, kò sí ìlà kan tí a lè kọ ìkórè àgbẹ̀ náà sí. Gbèsè nìkan ni ìwé náà mọ̀ ọ́n kọ. Kò mọ bí a ti ń kọ èrè.

Ohun mẹ́ta ni ó fọ́ ìwé náà lójú. Èkíní ni ọjọ́. Ọdún kan ni ìṣúná ń wò. Lóòótọ́, òfin ìṣàkóso ìnáwó tí a ṣe ní 2007 pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa wo ọdún mẹ́ta síwájú kí ó tó kọ ìṣúná, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n kí ni ọdún mẹ́ta jẹ́ níwájú ọmọ tí a gún ní abẹ́rẹ́ lónìí, tí yóò di àgbẹ̀ tàbí tíṣà lẹ́yìn ogún ọdún? Sáà ìjọba pẹ̀lú, ọdún mẹ́rin ni. Ẹni tí ó bá gbin kòkó fún wa lè má wà ní ipò mọ́ nígbà tí ó bá so, ẹlòmíràn ni yóò sì gba ìyìn.

Èkejì ni àpò. Bí iṣẹ́ ti pín ní orílẹ̀-èdè wa, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé jù lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àwọn ilé ìwòsàn gbogbogbòò, ìjọba àpapọ̀ sì ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ńlá. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ná owó kí ọmọ má baà ṣàìsàn, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ ni yóò rí ìsinmi. Ẹni tí ó náwó kọ́ ni ó jèrè. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo owó ìtọ́jú àìsàn tí àwọn ará ìlú ń san láti inú àpò ara wọn. Ìjọba tí kì í san owó ìtọ́jú kò lè rí ohun púpọ̀ fi pamọ́ nínú àpótí tirẹ̀ bí àìsàn bá dínkù. Àpò bàbá tí ì bá ta oko rẹ̀, àpò ìyá tí ì bá ta aṣọ rẹ̀, níbẹ̀ ni owó náà kù sí. Nítorí náà, bí akọ̀wé ìṣúná bá wo àpótí ìjọba nìkan, yóò wí pé ìdènà àrùn kò mú èrè wá, òtítọ́ ni yóò sì dàbí lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ojú kò rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. A lè ya àwòrán gómìnà níbi tí ó ti ń ṣí ilé ìwòsàn. Kò sí ẹni tí ó lè ya àwòrán ọmọ tí kò rọ lápá, tí kò rọ lẹ́sẹ̀, nítorí pé a fún un ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní àkókò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, bí olùkọ́ ti ń ṣe fún ọmọ ilé-ìwé. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ìròyìn abúlé kankan. Ká ní abúlé kan wà tí omi búburú ń dá 20 nínú àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ dúbúlẹ̀ lọ́dọọdún, tí olúkúlùkù wọn sì ń pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ 40. Ọjọ́ iṣẹ́ 800 nìyẹn. Bí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan bá jẹ́ ₦3,000, àdánù abúlé náà jẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún. Ká tún ní kànga-dẹ̀rọ kan yóò gba ₦6,000,000, tí àtúnṣe rẹ̀ yóò sì máa gba ₦200,000 lọ́dọọdún fún ọdún 15.

Bí a bá wo ọdún kan péré, a ti ná ₦6,200,000 láti gba ₦2,400,000 là. Akọ̀wé yóò fa ìlà pupa sí i. Bí a bá wo ọdún mẹ́ta, a ná ₦6,600,000, a sì gba ₦7,200,000 là. Òṣùwọ̀n ti fẹ́ yí. Bí a bá wo ọdún 15, a ná ₦9,000,000, a sì gba ₦36,000,000 là. Kànga kan náà ni, omi kan náà ni, àwọn àgbẹ̀ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ibi tí akọ̀wé ti pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹ sì kíyè sí i pé nínú mílíọ̀nù 36 yìí, bóyá ni kọ́bọ̀ kan fi wọ inú àpótí ìjọba ní tààrà. Àpò àwọn àgbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wọ̀. Síbẹ̀, ta ni ìjọba bí kì í bá ṣe àwọn àgbẹ̀ náà àti àwọn ọmọ wọn?

Àwọn tí wọ́n ṣe irú ìṣirò báyìí ní ayé rí ohun ìyanu. Ṣọ̀pọ̀nná tí àwọn baba wa bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, a lé e kúrò láyé pátápátá. Ní Nàìjíríà, 1970 ni a rí i kẹ́yìn. Ní 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn tí ó kó o ní ọ̀nà tí a ń gbà kó o láàárín ìlú, ní ilẹ̀ Sòmálíà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ogun tí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ jà náà, láti 1967, gba nǹkan bí mílíọ̀nù 300 dọ́là. Owó tí àwọn orílẹ̀-èdè kò ná mọ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà náà lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún. Àwọn olùṣirò sọ pé gbogbo owó tí Amẹ́ríkà dá sí i ni ó ń rí gbà padà ní ọjọ́ 26, ọjọ́ 26 mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí di òní. Ọmọ kòkó wo ni ó so bẹ́ẹ̀ rí?

Èrè mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó, ìlú tí èrò ibẹ̀ kò lóǹkà. Gbogbo ayé wárìrì. Ṣùgbọ́n àrùn náà kò ju ènìyàn 20 lọ, àwọn 8 ni ó sì kú nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n wo ni a dá? Àwọn òṣìṣẹ́ àti ibùdó àṣẹ tí a ti kó jọ láti gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà nílẹ̀, àwọn ni a sì tètè yí padà sí Ebola. Ẹni tí ó bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 2012 pé owó rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti pọ̀ jù, kò mọ̀ pé owó náà ni yóò gba Èkó là ní 2014. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé irú àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ó ti wà látilẹ̀wá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Wọn yóò wí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń pè ní ìdènà àrùn ni ó ń dín ìnáwó kù. Òótọ́ ni. Àyẹ̀wò ara wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣe é fún gbogbo ènìyàn, àti ẹni tí ewu wà fún àti ẹni tí ewu jìnnà sí, owó rẹ̀ yóò ju owó ìtọ́jú àwọn díẹ̀ tí ì bá ṣàìsàn lọ. Àwọn onímọ̀ ti fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí a fi ń bèèrè ìṣirò, tí a kò bèèrè ariwo. Ẹni tí ó bá ṣirò ni yóò mọ èyí tí ń pa owó mọ́ àti èyí tí kò pa á mọ́. Èyí tí kò bá pa owó mọ́ lè yẹ ní ṣíṣe síbẹ̀ nítorí pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú, kí a má fi ọ̀kan pe èkejì.

Wọn yóò tún wí pé náírà ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí kì í ṣe náírà òní, àti pé ọwọ́ tí ebi ń pa kò lè máa ka owó ọ̀la. Òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń yá ni lówó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa gé nínú iye èrè ọjọ́ iwájú kí a tó fi wé ìnáwó òní. Nínú àpẹẹrẹ kànga wa, bí a bá yọ owó àtúnṣe kúrò, tí a sì ń gé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye èrè náà fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó jìnnà sí wa, ohun tí yóò kù lẹ́yìn ọdún 15 ṣì lé ní mílíọ̀nù 15 náírà, nígbà tí gbígbẹ́ kànga jẹ́ mílíọ̀nù 6. Èrè tí ó bá lágbára kì í parẹ́ nítorí pé a fi òṣùwọ̀n líle wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kẹta, wọn yóò wí pé àwọn òṣèlú yóò sọ èyí di ọ̀nà irọ́: olúkúlùkù yóò máa kọ èrè ọdún ogún tí kò ní wà níbẹ̀ láti jíhìn fún. Àtakò yìí ni ó wúwo jù lọ, a kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn olùṣirò tí ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà díwọ̀n àbá òfin sábà máa ń wo ọdún 10 péré. Síbẹ̀, níbẹ̀ pàápàá, ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé àwọn aṣojú fọwọ́ sí àbá kan pé kí a lè ní kí àwọn olùṣirò náà wo kọjá ọdún 10 bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdènà àrùn. Oògùn irọ́ kì í ṣe kí a má ṣirò. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹni tí ó ṣirò yàtọ̀ sí ẹni tí ń ná owó, kí a sì máa padà lọ wò ó bóyá ohun tí ó sọ ṣẹ.

Kí ni a wá ń bèèrè? Àkọ́kọ́, kí gbogbo ìwé ìṣúná, ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ní ojú-ewé kan fún ìdènà àrùn, tí yóò fi ìnáwó àti èrè ọdún 5, ọdún 10 àti ọdún 20 hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkejì, kí a kọ èrè náà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí yóò wọ àpótí ìjọba, èyí tí yóò kù sí àpò ìdílé, àti ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ní ṣòfò ní oko àti ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùṣirò tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlera yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì máa jábọ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-márùn-ún. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba tí ó jèrè dá díẹ̀ padà fún ìjọba ìbílẹ̀ tí ó náwó, kí ọwọ́ tí ń gbìn má baà rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí owó tí a kọ dé ọwọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò. Nítorí abẹ́rẹ́ tí ó dé lẹ́yìn tí àrùn ti dé kì í ṣe ìdènà mọ́.

A kò bèèrè ohun tí kò sí ẹsẹ̀ òfin fún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ní Abuja tiwa níhìn-ín, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé wọn yóò máa ya ó kéré tán ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn sọ́tọ̀ fún ìlera. Láti ìgbà náà, ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wa kò dé ibẹ̀ rí. Ní 2014 ni a ṣe òfin ìlera orílẹ̀-èdè, èyí tí ó pàṣẹ pé ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú alábọ́dé. Ọdún 2018 ni owó náà kọ́kọ́ fara hàn nínú ìṣúná. Ọdún mẹ́rin ni òfin fi jókòó tí owó kò sí nílé. Bí ó bá jẹ́ pé ojú-ewé tí a ń bèèrè wà nínú ìwé ni, ará ìlú ì bá rí iye ohun tí ọdún mẹ́rin náà ná wa.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kánjú. Ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fi ń gún àwọn ọmọ wa ni àjọ Gavi ti ń bá wa dá sí owó rẹ̀. Àdéhùn tí ó wà nílẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ náà yóò máa dínkù títí di 2028, lẹ́yìn èyí tí Nàìjíríà yóò máa fi owó ara rẹ̀ rà wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú kéde pé òun kò ní fi owó fún àjọ náà mọ́. Ẹni tí ń fi owó àlejò ra èbù gbọ́dọ̀ múra de ọjọ́ tí àlejò yóò padà sílé. Bí ọjọ́ náà bá dé, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣì wà lábẹ́ ohun tí a jẹ tán, tí ilé alájà mẹ́rin sì wà lábẹ́ dúkìá, a mọ èyí tí akọ̀wé yóò gé. Àwọn baba wa wí pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá dé ìpàdé yín, tí ó sì ṣèlérí ilé ìwòsàn, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan sí i: ọ̀nà wo ni ìwọ yóò gbà tí ilé ìwòsàn náà kò fi ní kún? Ẹ bi í iye ọmọ tí ó yẹ kí a gún ní abẹ́rẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín, iye àwọn tí a ti gún, àti iye kànga tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsí àtúnṣe. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tí àìsàn mú yín kúrò lóko. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ nínú ìwé, bí ẹ ti ń kọ iye àpò kòkó tí ẹ tà. Bí ìjọba kò bá mọ iye tí àrùn ń gbà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ fún un.

Ní 1955, Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wí nígbà náà pé owó náà ti pọ̀ jù, pé kò sí èrè tí ojú rí. Nínú ìṣúná ọdún náà, òtítọ́ ni: èrè kan kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, adájọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tí yóò wí lónìí pé ohun tí a jẹ tán ni owó náà. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ọmọ tí a óò gún ní abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí yóò dàgbà. Omi tí a bá wẹ̀ mọ́ lónìí ni yóò mu. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń kọ ìwé ìjọba kọ́ láti ya èbù sọ́tọ̀ kúrò lára iṣu tí a jẹ, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kan èbù nígbà tí ebi bá dé.